ẸJA NI ÀBÍ AKÀN? Ìtàn Ìwọ̀ àti Àwọn Apẹja Wa ní Odò Kàlàbá

  

Lọ́dọọdún tí a bá ń tẹ ìwé ìrántí yìí, a kì í ṣàì ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ìtàn bí Yorùbá ṣe dé ibí. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn akọ̀wé ìjọba la máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí pé láti ọdún 1900 títí di ọdún 1906, Kàlàbá ni olú-ìlú ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Southern Nigeria, kó tó di pé wọ́n da ilẹ̀ náà pọ̀ mọ́ Èkó tí olú-ìlú sì ṣí lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn àwọn akọ̀wé, a ó dárúkọ àwọn olùkọ́, àwọn sójà àti ọlọ́pàá, àwọn ìyá wa aláṣọ àti àwọn oníṣòwò ọjà Watt. Ìtàn náà dára, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà níbẹ̀ tí àwa tí à ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Gbogbo ẹni tí à ń dárúkọ, gègé ló mú lọ́wọ́, tàbí ìbọn, tàbí ọ̀pá ìwọnṣọ. A kò tíì dárúkọ ẹni tó mú ìwọ̀ lọ́wọ́ rí.

Ní ìpàdé gbogbogbòò wa kan, lẹ́yìn tí a pín ìwé ìrántí tán, bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ó pa á dé, ó dìde, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín kú iṣẹ́. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ṣé àwa tí à ń pẹja kì í ṣe Yorùbá ni?” Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ṣùgbọ́n gbogbo ilé dákẹ́ lọ gbári. Àwọn kan nínú wa rántí pé nígbà tí a wà nílé ìwé, a wà lára àwọn tó ń fi òórùn ẹja bú àwọn ọmọ Bàbá yìí. Àròkọ yìí ni ìdáhùn wa. Ó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.

ÌWỌ̀ TI PẸ́ LÁYÉ

Kí ni à ń pè ní ìwọ̀? Irin tín-ín-rín ni, tí a tẹ̀ kọrọdọ, tí a pọ́n ẹnu rẹ̀, tí a sì yọ ẹ̀gún kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹja tó bá gbé e mì má baà rí i pọ̀ jáde. Ohun kékeré ni lójú, àmọ́ ó ti pẹ́ láyé ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Àwọn tó tíì pẹ́ jù nínú ìwọ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí, erékùṣù Okinawa ní ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti wú wọn jáde. Ìkarahun ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, wọ́n sì ti tó nǹkan bí ọdún 23,000.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà tiwa, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní ọdún 1987 ní Dufuna, ní ibi tí a mọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, ni irin iṣẹ́ rẹ̀ bá ba igi líle nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni igi náà. Ó gùn ju mítà 8 lọ, àwọn onímọ̀ sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ti tó nǹkan bí ọdún 8,000. Ẹni tó bá ń sọ pé àwọn òyìnbó ló kọ́ wa lí bí a ṣe ń tukọ̀, kó lọ wo ọkọ̀ Dufuna.

Láàárín Yorùbá, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni ìwọ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Fọ́nrán ewé àti òwú ni wọ́n fi ń lọ́ okùn rẹ̀, ọparun tàbí ọ̀pá ògùrọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá. Nígbà tó yá ni ìwọ̀ irin tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ń ti Yúróòpù dé. Ìlú Redditch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba orúkọ nídìí abẹ́rẹ́ àti ìwọ̀ ṣíṣe, ilé iṣẹ́ Mustad ní ilẹ̀ Norway náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwọ̀ ní ọdún 1877. Ìyàtọ̀ kan wà láàárín àwa àti àwọn òyìnbó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1653, Izaak Walton tẹ ìwé kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Compleat Angler, tó fi yin ọ̀pá àti ìwọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbádùn ẹni tó fẹ́ fara balẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwọ̀ kì í ṣe eré. Oúnjẹ alẹ́ ni, owó ilé ìwé ọmọ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí apẹja bá ti odò dé, ohun tí à ń bi í ni, “Ẹja ni àbí akàn?” Títí di òní, ẹni tó lọ ṣe ìdánwò, ẹni tó lọ wá iṣẹ́, ẹni tó lọ tọrọ ìyàwó, ìbéèrè apẹja yẹn náà la fi ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá fúnra rẹ̀ kò gbàgbé apẹja. Àwa tí à ń kọ ìtàn ló gbàgbé.

ÀWỌN ỌMỌ OÒDUÀ TÓ Ń GBÉ LÓRÍ OMI

Bí a bá ní ká sọ̀rọ̀ apẹja nínú Yorùbá, àwọn Ìlàjẹ ló yẹ ká kọ́kọ́ kí. Kì í ṣe àwọn nìkan ló ń pẹja. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀, àwọn Àwórì àti Ẹ̀gùn wà létí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n àwọn Ìlàjẹ ló mú iṣẹ́ náà rìn jìnnà jù. Etí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ilé wọn, ní Ugbò, ní Máhìn àti àwọn ìletò tó yí wọn ká. Igbókòdá ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ìtàn tiwọn náà mú wọn dé Ilé-Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti gbogbo wa, èdè tí wọ́n ń sọ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Ọ̀yọ́ lè ní láti tẹ́tí dáadáa kó tó gbọ́ ọ.

Orí ẹrẹ̀ àti omi ni wọ́n kọ́lé sí, lórí òpó igi. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ sílé aládùúgbò, ọkọ̀ ni yóò wọ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń pín ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, etí òkun wọn yìí wọ ojú ìtàn: ní ọdún 1885, Amapẹtu ti Máhìn bá àwọn ará Jámánì ṣe àdéhùn lórí rẹ̀, kó tó di pé Jámánì fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn kan náà. Ní ọdún 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan láàárín wọn tẹ ìlú Ayétòrò dó sí etí òkun. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, ẹja pípa àti ọkọ̀ kíkàn sì wà lára iṣẹ́ tó sọ wọ́n di olókìkí. Ó dun ni pé òkun yẹn kan náà ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà Ayétòrò lọ lónìí.

Kí ló ń lé apẹja kúrò nílé? Ẹja ni. Ẹja kì í jókòó sójú kan. Bí ó bá ṣí, ẹni tó ń fi í jẹun gbọ́dọ̀ ṣí tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ìlàjẹ ṣe ń gba etí òkun lọ síwá, láti ibùdó kan dé òmíràn, gba Escravos àti àwọn ẹnu odò tó wà nílẹ̀ Ìjọ kọjá, títí tí wọ́n fi dé ẹnu odò Cross River, tí àwọn mìíràn sì kọjá lọ sí Kàmẹ́rúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù. Kò sí ìwé àṣẹ kankan lọ́wọ́ wọn ju àjẹ̀ àti àwọ̀n lọ. Bí wọ́n bá dé ibì kan, ọ̀dọ̀ àgbà ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ láti tọrọ àyè, nítorí wọ́n mọ̀ pé omi náà ní onílé.

ODÒ TÓ Ń LỌ, TÓ TÚN Ń BỌ̀

Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo mọ odò tó ń ṣàn lọ síbì kan ṣoṣo. Odò Ògùnpa kì í padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n odò tó yí Kàlàbá ká kò rí bẹ́ẹ̀. Odò Kàlàbá wà lápá ìwọ̀-oòrùn ìlú, odò Kwa Ńlá wà lápá ìlà-oòrùn, àwọn méjèèjì sì ń ṣàn lọ pàdé ẹnu odò Cross River tó fẹ̀ lọ salalu kó tó wọ òkun. Òkun ló ń darí wọn. Lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan, òkun á ti omi wọlé, odò á kún. Lẹ́ẹ̀mejì, òkun á fa omi rẹ̀ padà, odò á fà. Ibi tí ọkọ̀ ti ń léfòó ní òwúrọ̀ lè di ẹrẹ̀ gbalaja ní ọ̀sán.

Òṣùpá ni ọ̀gá gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí omi bá kún títí tí yóò fi tún kún, ó jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Nítorí náà, bí omi bá kún ní aago 6 òwúrọ̀ òní, nǹkan bí aago 7 ku ìṣẹ́jú 10 ni yóò kún lówùúrọ̀ ọ̀la. Bí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá kún rọ́ndọ́, omi á kún gan-an, á sì fà gan-an, ìṣàn rẹ̀ á le. Bí òṣùpá bá di ààbọ̀, kíkún àti fífà rẹ̀ á rọlẹ̀. Apẹja tí kò bá mọ èyí, ọwọ́ òfo ni yóò mú wálé.

Ká má baà kọ ohun tí a kò rí, àwa mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí bẹ Bàbá tó bi wá léèrè yẹn pé kó mú wa lọ sódò. Ó ní ká jẹ́ kí òṣùpá di ààbọ̀ ná, nítorí okùn tín-ín-rín ló fẹ́ fi kọ́ wa. Bí ìṣàn bá le, ó ní òjé ńlá ni a ó so mọ́ ọn kó tó lè rì, òjé ńlá ò sì ní jẹ́ kí ọwọ́ gbọ́ ohun tí ẹja ń sọ. A wọ ọkọ̀ ní ìdájí, a tù ú lọ sẹ́nu ọ̀gbàrá kékeré kan tó wọ odò Kwa, níbi tí gbòǹgbò igi ẹ̀gbà ti ta sínú omi bí ọmọ ìka. Omi ti kún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Bàbá ṣàlàyé fún wa. Nígbà tí omi bá ń kún, àwọn ẹja á bá a wọ inú igbó ẹ̀gbà láti lọ jẹun láàárín gbòǹgbò, níbi tí akàn àti ẹdé pọ̀ sí. Nígbà tí omi bá ń fà, gbogbo ohun jíjẹ inú igbó yẹn ni yóò máa ṣàn jáde gba ẹnu ọ̀gbàrá. Àwọn ẹja tó gbọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kọjú sí ìṣàn, wọ́n á la ẹnu sílẹ̀. Ibẹ̀ ni apẹja ń fi ọkọ̀ rẹ̀ dè wọ́n. Nígbà tí omi bá dúró jẹ́ẹ́, tí kò kún tí kò sì fà, ẹja kì í fẹ́ jẹun. Àkókò ìsinmi nìyẹn, ká jẹ gààrí, ká sì tún okùn ṣe.

Ìdẹ náà kò gbọ́dọ̀ ṣì. Ẹdé tútù ni Bàbá fi kọ́ ìwọ̀, ó fi ẹnu ìwọ̀ gba abẹ́ ìrù rẹ̀ kó lè dà bí èyí tó ṣì wà láàyè. Ó ní òbòkún fẹ́ràn ẹran ṣawá tó ti ń rùn díẹ̀, kútà sì fẹ́ràn ohun tó ń sá lọ. Ẹpìyà ní tirẹ̀, òkèlè ẹ̀bà kékeré tó fún un. Okùn náà wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀. Ó ní ká di ojú wa. Ẹja tó ń tọ́ ìdẹ wò, bí ẹni kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́ ni. Ẹja tó gbé e, bí ẹni tó fa aṣọ ọmọdé.

Akọ̀wé wa ni ẹja kọ́kọ́ fà. Ọ̀gbẹ́ni fò dìde nínú ọkọ̀, ó fi agbára fa okùn, ọkọ̀ mì jìgìjìgì, okùn sì já. Bàbá kò bínú. Ó kàn tún ìwọ̀ mìíràn so. Ó ní, “Ọmọ mi, okùn tín-ín-rín kì í bá ẹja wọ̀jà. Bó bá ní òun ń lọ, jẹ́ kó lọ díẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, fà á díẹ̀. Ìwọ tó o bá lọ́gàá lọ́fíìsì fún ọgbọ̀n ọdún, ṣé bí o ṣe ń ṣe é náà kọ́?” A rẹ́rìn-ín títí omi fi fà tán. Ẹja 7 la pa lọ́jọ́ náà, méjì nínú wọn sì kéré. Bàbá yọ ìwọ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì, ó fi wọ́n sínú omi padà. Ó ní àwọ̀n kì í mọ ọmọ yàtọ̀ sí ìyá, ìwọ̀ nìkan ló máa ń fún ni láyè láti yàn.

OHUN TÓ YÍ PADÀ

Odò tí Bàbá bá ní ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀ lónìí, ohun tó sì yí i padà ju ọ̀kan lọ.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rá. Ní ọdún 1938, ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà kéde nylon fún aráyé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo apẹja ló gbà á tayọ̀tayọ̀, nítorí kì í jẹrà bí òwú, ó tín-ín-rín débi pé ẹja kì í rí i. Ṣùgbọ́n nylon yẹn kan náà ni wọ́n fi ṣe àwọ̀n olójú kékeré tó ń kó àtẹja àtọmọ ẹja. Àwọ̀n òwú tó bá bọ́ sọnù á jẹrà. Àwọ̀n nylon tó bá bọ́ sọnù á máa pẹja lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Èkejì ni ẹ̀rọ ọkọ̀. Láti ọdún 1909 ni Ole Evinrude ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí irú rẹ̀ dé etí òkun wa, ọ̀nà tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù fún ọjọ́ méjì di ìrìn wákàtí díẹ̀. Èyí dára. Àmọ́ ẹ̀rọ ń mu epo, epo ń fẹ́ owó, owó sì ń fẹ́ ẹja púpọ̀. Apẹja tó ń tukọ̀ lè fi ẹja 7 lọ sílé. Ẹni tó ra epo kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pẹ kan tí ọ̀pọ̀ wa ń rí létí odò láìmọ ìtàn rẹ̀. Nípa ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1906, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú un wá sí Kàlàbá láti ọgbà ìwádìí ewéko ní Singapore. Ó ti gbilẹ̀ kọjá bí wọ́n ṣe rò, ó sì ti gba ilẹ̀ mọ́ igi ẹ̀gbà lọ́wọ́ ní ibi púpọ̀ ní etí òkun Nàìjíríà. Gbòǹgbò rẹ̀ kò ta sínú omi bíi ti ẹ̀gbà, nítorí náà ọmọ ẹja kò rí ibi tó tó sá pamọ́ sí mọ́. Ẹ kíyè sí i pé ọdún 1906 tí olú-ìlú kúrò ní Kàlàbá ni ọ̀pẹ yìí dé. Àwọn akọ̀wé lọ, nípa jókòó.

Ẹ̀kẹrin ni epo rọ̀bì. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1998, ọ̀pá epo kan bẹ́ nínú òkun ní Idoho, ní etí òkun Akwa Ibom. Nǹkan bí àgbá 40,000 ló dà sínú omi, ìgbì sì gbé e lọ sápá ìwọ̀-oòrùn títí ó fi dé Èkó. Ọ̀nà omi tí àwọn Ìlàjẹ gbà wá síhìn-ín ni epo náà gbà lọ sílé wọn.

Èyí tó burú jù lọ ni májèlé. Àwọn kan ń da oògùn kòkòrò kòkó tí a mọ̀ sí Gamalin 20 sódò kí ẹja lè léfòó. Òfin ìpẹja inú odò ti ọdún 1992 ka májèlé àti ohun abúgbàù léèwọ̀, ṣùgbọ́n òfin tí kò ní ojú lójú odò, ìwé lásán ni. Ẹja tí wọ́n fi oògùn pa yóò sì wọ ọjà, yóò wọ ìkòkò ọbẹ̀ wa.

BAKASSI: NÍGBÀ TÍ OMI DI ẸJỌ́

A kò lè sọ̀rọ̀ apẹja ní Kàlàbá ká má dárúkọ Bakassi. Ẹdé inú ìkòkò wa, láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ẹdé ló tilẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tó wà ní òdìkejì lórúkọ: nígbà tí àwọn Potogí dé ẹnu odò kan níbẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹdé pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n pè é ní Rio dos Camarões, odò ẹdé. Ibẹ̀ ni orúkọ Kàmẹ́rúùnù ti jáde.

Àwọn Efik, Ibibio àti Oron ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pẹja ní Bakassi. Àwọn Ìjọ àti Ìlàjẹ náà wà láàárín wọn. Wọn kì í bi ara wọn pé orílẹ̀-èdè wo ni omi yìí. Ṣùgbọ́n ìwé ti wà nílẹ̀ kí a tó bí wọn. Ní ọdún 1913, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì fi àdéhùn pín ààlà náà. Ní ọdún 1975, Ọ̀gágun Yakubu Gowon àti Ààrẹ Ahmadou Ahidjo tún fọwọ́ sí ìwé kan ní Maroua lórí ààlà inú omi. Kàmẹ́rúùnù gbé ẹjọ́ lọ sílé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague ní ọdún 1994. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002, ilé ẹjọ́ ní Kàmẹ́rúùnù ló ni Bakassi. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Paul Biya fọwọ́ sí àdéhùn Greentree ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2006. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kúrò níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n sì fa gbogbo ilẹ̀ náà lé Kàmẹ́rúùnù lọ́wọ́ pátápátá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2008. Ní ìlú Kàlàbá wa níbí ni wọ́n ti ṣe ètò ìfàléwọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa gbọ́ ọ nínú rédíò bí ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú. Bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé ilé ni wọ́n pàdánù. Ìdílé tó ti wà ní ibùdó ẹja láti ayé bàbá bàbá, tó wá kó ọmọ àti ìkòkò sínú ọkọ̀, tó gúnlẹ̀ sí èbúté Kàlàbá, tí kò mọ ẹnì kankan. Ẹnu wọn ni a ti gbọ́ ọ pé ẹni tó kọ́kọ́ fún wọn ní oúnjẹ kì í ṣe Yorùbá. Ìyá Efik kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ni, ó sì ṣí ilé rẹ̀ fún wọn. Wọn kò wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa nítorí wọn kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà wà fún irú wọn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá. Ẹgbẹ́ tí kò bá mọ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀, kò lè mọ ìgbà tí tirẹ̀ bá ń rì.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI MARYLAND

Ẹ jẹ́ ká wo ibòmíràn díẹ̀. Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn odò wà tó ń kún tó sì ń fà bíi tiwa, nítorí wọ́n wọ inú ọ̀sà ńlá Chesapeake. Ọ̀kan nínú wọn ni odò Severn tó gba ẹ̀gbẹ́ Annapolis kọjá. Ẹja méjì ni àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn láti fi ọ̀pá fúyẹ́ àti okùn tín-ín-rín pa nígbà òtútù. Ọ̀kan ni yellow perch, ẹja pupa rúsúrúsú tó ní ìlà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì ni pickerel, ẹlẹ́nu gígùn tó máa ń lúgọ sínú koríko odò bí ọdẹ.

Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1980, perch dín kù débi pé ìjọba ti àwọn odò kan pa, Severn sì wà lára wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé perch lọ sílé láti ibẹ̀. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún kí wọ́n tó ṣí wọn padà ní ọdún 2009, pẹ̀lú òfin pé èyí tí kò bá gùn tó ínǹṣì 9 gbọ́dọ̀ padà sómi, ẹnì kan kò sì gbọ́dọ̀ mú ju 10 lọ lójúmọ́. Pickerel náà ní ínǹṣì 14 tirẹ̀, ó sì ní oṣù tí wọ́n fi í sílẹ̀ kó yé ẹyin.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ìkíní, ohun tí Bàbá ṣe ní odò Kwa láìsí ọlọ́pàá kankan, òfin ni lọ́hùn-ún. Ìkejì, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ rí i pé ní odò bíi Severn, níbi tí ilé àti ọ̀nà ọ̀dà ti yí omi ká, ọmọ perch kì í yè dáadáa bó ti wù kí òfin ìwọ̀ le tó. Kì í ṣe apẹja nìkan ló ń ba odò jẹ́. Àwa tí à ń gbé inú ìlú, tí à ń da ọ̀rá àti ìdọ̀tí sí gọ́tà, a ní ọwọ́ níbẹ̀.

OHUN TÓ YẸ KÁ ṢE

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. A kò fẹ́ kí àròkọ yìí parí sí ìyìn lásán, nítorí náà a mú àbá mẹ́rin wá síwájú ilé.

Àkọ́kọ́, kí ìgbìmọ̀ kan lọ sọ́dọ̀ àwọn ìdílé apẹja wa, kí wọ́n gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: orúkọ ìyá àti bàbá tó kọ́kọ́ dé, ibùdó tí wọ́n gbé, ẹja tí wọ́n ń pa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe kíkún àti fífà omi. Bàbá tó mú wa lọ sódò ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ohun tó wà lórí rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ fún àwọn apẹja ní àga kan nínú ìgbìmọ̀ alákòóso, kí ọ̀rọ̀ wọn má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ àkókò ìbò nìkan.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń lọ sọ́jà, ẹ má ra ọmọ ẹja tí kò tó àtàǹpàkò, ẹ má sì ra èyí tí ẹ bá fura pé oògùn ló pa á. Bí kò bá sí olùrà, kò ní sí apani.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwà tí àwọn apẹja yìí bá wọ ìlú yìí. Wọn kò sọ pé omi kò lólówó. Wọ́n béèrè, wọ́n dúró, wọ́n gbà kí onílé fi ibi tí wọ́n máa so ọkọ̀ mọ́ hàn wọ́n. Bí a ṣe rí ìyá Efik tó gba àwọn ará wa sílé lọ́jọ́ ìpọ́njú, èrè ìwà yẹn ni.

Bàbá wa, ẹ bi wá léèrè bóyá ẹ̀yin kì í ṣe Yorùbá. Ẹ forí jì wá. Ẹ̀yin ló kọ́ wa ní ìbéèrè tí à ń fi kí ara wa. Kí Elédùmarè dá ẹ̀mí yín sí, kó jẹ́ kí omi máa kún fún yín lásìkò, kó má jẹ́ kí okùn yín já. Àti àwa tí a kù, nígbà tí àwọn ọmọ wa bá ṣí ìwé yìí lọ́jọ́ iwájú tí wọ́n bi wá pé, “Ẹja ni àbí akàn?”, kí ẹnu wa lè gbà á láti dáhùn pé ẹja ni. Àmín o.